Wọ́n Ní Mo Ta Bẹntiróòlù Ilé Onítáyà

Òórùn bẹntiróòlù kì í tètè kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn. O lè fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, kí o fi kànìnkànìn ha á, kí o tún fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, bí o bá gbé ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kọjá níwájú imú, yóò tún kí ọ. Nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ òórùn náà, àní bó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé epo ni mo ń kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ mi, ọkàn mi á sáré padà sí nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, sí àgbàlá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Igbó-Ọrà, níbi tí mo ti dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ńlá funfun kan, tí àwọn ènìyàn dúró yí mi ká, tí ẹnì kan nínú wọn sì ń pè mí ní olè láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ olè jáde lẹ́nu rẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Kí n má purọ́, inú ṣì ń bí mi.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tí a ń rí lójoojúmọ́ lọ́nà Èrúwà. Irú ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ń sùn sínú rẹ̀ ni nígbà tí wọ́n bá lọ ìsinmi. Kíṣìnnì wà nínú rẹ̀, ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tó ń ká wọ inú ògiri náà wà nínú rẹ̀. Dókítà ojú kan, ọmọbìnrin agbègbè wa tó ti pẹ́ lókè òkun, ló rà á ní àlòkù, tó gbé e wálé, tó yọ bẹ́ẹ̀dì kúrò, tó sì gbé àga àyẹ̀wò àti ẹ̀rọ ìyẹjúwò sí àyè rẹ̀. Láti ìlú dé ìlú ní Ìbàràpá la ń gbé e kiri, tí Dókítà ń yẹ ojú àwọn àgbà wò lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì ń fún àwọn tó bá yẹ ní awò ojú. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò lè ṣe ohunkóhun láìsí iná, iná ìjọba sì máa ń wá nígbà tó bá wù ú, ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ inú ọkọ̀ náà fi jẹ́ ẹ̀mí gbogbo wa. Ikùn ọkọ̀ ni wọ́n dè é mọ́, lẹ́yìn ilẹ̀kùn kékeré kan nítòsí táyà ẹ̀yìn. Inú táǹkì kan náà ni òun àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti jọ ń mu epo. Àwọn ọmọdé ló sọ ọkọ̀ náà ní Ilé Onítáyà, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé Dókítà fúnra rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀.

Èmi ni dírẹ́bà. Mo lè sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí, ṣùgbọ́n nígbà náà kì í rọrùn fún mi. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò, mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí gègé fi gbẹ, kò sẹ́ni tó dáhùn, ni mo bá padà sídìí iṣẹ́ ọkọ̀ tí mo ti kọ́ nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní dírẹ́bà, mo máa ń tún un ṣe fún un pé òṣìṣẹ́ ìrìnnà ni mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Èrúwà kò jẹ́ kí n gbádùn oyè náà. Wọ́n á dúró lókèèrè, wọ́n á ní, "Òṣìṣẹ́ ìrìnnà, ṣé o ti fọ táyà lónìí?"

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ọkọ̀ ń ná Èrúwà sí Ìbàdàn pẹ̀lú bọ́ọ̀sì kan tí sítátà rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí mi, n ò sì rò pé àsọdùn ni mo sọ yẹn. Òfin kan ṣoṣo ló fi lé mi lọ́wọ́: má ṣe páàkì síbi tí wàá ti máa bẹ ènìyàn kó wá bá ọ tì í. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ni kí o wá, kí o kọ imú ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀. Tí o bá ti tú bíréèkì, ọkọ̀ á yí fúnra rẹ̀, wàá ju jíà sí i, yóò jí. Ẹni tó bá mọ àwọn ọkọ̀ wa nígbà náà á mọ̀ pé ọgbọ́n gidi ni. Sítátà Ilé Onítáyà náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn, nítorí náà, ìlú yòówù tí a bá dé, kí n tó wo ibi tí ibòji wà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo kọ́kọ́ ń wá. Mo máa ń fi yangàn ni. Mo máa ń wo àwọn dírẹ́bà tó ń ti ọkọ̀ nínú oòrùn bí ẹni tó ń wo àwọn tí kò kàwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, a ra epo ní Èrúwà. Alága ìgbìmọ̀ tó ń ran Dókítà lọ́wọ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú ọkọ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá náà, ó ti fi pàṣán kọ́ ìdajì àwọn ọkùnrin agbègbè wa ní ìṣirò, kò sì tíì gbàgbé pé òun ní pàṣán rí. Ó wo abẹ́rẹ́ géèjì epo bó ṣe gòkè kọjá ìdajì, ó mi orí. Ó tọ́ kó wò ó. Dókítà ti kọ́ gbogbo wa pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti gbé ẹnu ọ̀pá tí jẹnẹrétọ̀ fi ń fa epo sókè nínú táǹkì, kí àwọn arìnrìn-àjò má baà sun gbogbo epo fún iná kí wọ́n wá há sínú igbó. Bí epo bá ti wálẹ̀ sí ìdámẹ́rin táǹkì, jẹnẹrétọ̀ kò ní rí nǹkan kan mu mọ́, bí ọkọ̀ tilẹ̀ ń rìn. Alága mọ òfin náà lórí bí ẹni mọ àkọ́sórí ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi.

Nígbà tí a wọ àgbàlá ilé-ìwé ní Igbó-Ọrà, àwọn àgbà ti kún orí bẹ́ǹṣì. Àwọn kan gun ọ̀kadà láti àwọn abúlé ìtòsí, àwọn mìíràn wá láti Lánlátẹ̀ láti ìdájí. Ní ìsàlẹ̀ àgbàlá náà, àpáta kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ pálọ̀, àwọn obìnrin sì ti sá láfún sí i, ó funfun báláú nínú oòrùn. Mo wo àpáta náà, mo gbójú kúrò. Lẹ́bàá igi dóńgóyárò lókè ni mo rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dára jù lọ tí mo ti rí láti ìgbà tí mo ti ń wa ọkọ̀ náà. Àwọn ti ìlú yòókù kò ju kí ilẹ̀ rọra tẹ̀ lọ, èyí dagẹ̀rẹ́ gan-an. Mo kọ imú ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀, mo fi òkúta há táyà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo na aṣọ mi.

Dókítà tẹ bọ́tìnnì jẹnẹrétọ̀ nínú ọkọ̀. Ó wúkọ́, ó gbé e, ó tan, inú gbogbo wa dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè fi ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó sì kú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún wúkọ́, ó tún kú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, kò gbé e mọ́ rárá, ó kàn ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

A ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nínú ìlú. Ó dé pẹ̀lú àpò sípánà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi náà dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo orí bátìrì, ó le dáadáa. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fi sáńpépà ha á, ó gbé e padà, pàbó. Ó yọ fítà, ó fọn ọ́n lẹ́nu. Ó tú kábúrétọ̀, ó fi epo fọ̀ ọ́ nínú abọ́ ike kan, ó tò ó padà, pàbó náà ni. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó tún fà á, ọ́ìlì kún dé ojú àmì, kódà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ó ní ọ́ìlì pé, kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ́ìlì.

Ibẹ̀ ni ìyá kan ti bá wa sọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Òun ló wà níwájú ìlà, epo pupa ló ń tà nínú ìlú, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ó bí ìbejì, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ń pè é ní Ìyá Elépo, nítorí bí ènìyàn bá pe Ìyá Ìbejì ní Igbó-Ọrà, ìdajì àdúgbò ni yóò dáhùn. Ó ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wá dúró lẹ́yìn wa, ó ní, "Ọkọ mi, ilẹ̀ yìí mà dagẹ̀rẹ́ o."

Mo gbójú sókè láti inú erùpẹ̀. Oòrùn ń pa mí, ọ́ìlì ti ta sí mi ní ṣẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò rí ojú ọ̀nà dáadáa ló wá ń kọ́ mi ní ibi tí ènìyàn ń páàkì sí. Mo ní, "Màmá, jẹnẹrétọ̀ la ń tún ṣe, a ò wọn epo pupa. Ẹ lọ jókòó." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn dùn mọ́ mi. Màmá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ jókòó.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Alága gun iwájú ọkọ̀ lọ, ó yí kọ́kọ́rọ́ láti wo géèjì. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó pe gbogbo ìgbìmọ̀ jọ, ó pe ọ̀gá alátùn-únṣe, ó pe Dókítà, ó wá kọjú sí mi bí ìgbà tí wọ́n bá pe ọmọ síwájú ìlà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ó ní, "Ní Èrúwà, abẹ́rẹ́ kọjá ìdajì. Èmi fúnra mi rí i. Báyìí, ó ti wálẹ̀ sí ìdámẹ́rin. Èrúwà sí ibí, ṣé Ìlọrin ni? Dírẹ́bà, ta ló mu epo tó kù?"

N ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bi mí. Nígbà tí ó yé mi, etí mi méjèèjì gbóná. Mo ní kò sẹ́ni tó mu ún, mo ní láti ìgbà tí a ti dé, n ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ní òun ti kọ́ ọmọ títí irun òun fi funfun, òun mọ ojú ẹni tó jí ṣọ́ọ̀kì. Kí ló dé tó jẹ́ pé bí ṣọ́ọ̀kì bá tán nílé-ìwé, wọ́n á ní iṣẹ́ ló tán an, bí gaàrí bá tán nílé, wọ́n á ní ẹnu ló tán an, ṣùgbọ́n bí epo bá wálẹ̀ nínú ọkọ̀, dírẹ́bà ló tà á? Mo bi í lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń bi í. Mo yí ojú sí Dókítà kó gbà mí sílẹ̀. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó nù ún títí. Kò sọ pé mo jí i, kò sì sọ pé n ò jí i. Tí ẹ bá bi mí èwo ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, awò ojú tí wọ́n ń nù yẹn ni.

Alága ní kí wọ́n ra epo gálọ́ọ̀nù kan wá, kí wọ́n dà á sí i, kí gbogbo ayé rí i. Wọ́n dà á. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Jẹnẹrétọ̀ kò tan. Ènìyàn á rò pé bàbá náà á sọ pé, "Ó dára, kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo." Rárá o. Ó ní a jẹ́ pé mo ti po omi mọ́ èyí tó kù nínú táǹkì kí ó lè dà bíi pé ó pọ̀. Mo ní kí ọ̀gá alátùn-únṣe tú ọ̀pá epo. Mo gba bẹntiróòlù náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, mo gbé e sábẹ́ imú Alága, mo ní kó fihàn mí ibi tí omi wà. Ó gbé imú kúrò. Ó ní òun kò bá ọmọ òun jiyàn, ṣùgbọ́n tí ohun yìí kò bá tan kí Dókítà tó dìde lọ sí Ìgàngán ní aago méjì, kí n fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sílẹ̀, kí n wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé. Aago méjìlá ti kọjá. Mo mọ̀ pé bí mo bá wọ ọkọ̀ èrò yẹn, kí n tó dé Èrúwà ni ìròyìn á ti dé, kò sì sí ọlọ́kọ̀ tí yóò tún fi táyà kan ṣoṣo lé mi lọ́wọ́ mọ́ ní gbogbo Ìbàràpá.

Mo jókòó sórí òkúta tí mo fi há táyà. Ọwọ́ mi ń rùn, ojú mi gbẹ. Ìgbà náà ni Ìyá Elépo tún dìde. Kò wá sọ́dọ̀ mi lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá alátùn-únṣe ló lọ bá, ó na ìka sí abọ́ ike tó ti fọ kábúrétọ̀, tí abọ́ náà ṣì wà nílẹ̀ níbi tó gbé e sí.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo abọ́ yín."

Gbogbo wa wo abọ́. Epo inú rẹ̀ ti wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sílẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìdí abọ́ gbẹ, nọ́ọ̀tì àlòkù méjì jókòó síbẹ̀ láìkan epo. Màmá náà ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agbada epo òun máa ń ṣe bí òun bá gbé e sórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ́. Ẹni tó bá ki ìgò bọ̀ ọ́ lápá ìsàlẹ̀ á ní epo kún, ẹni tó bá kì í bọ̀ ọ́ lápá òkè á máa ha ìdí agbada. Ó ní òun kò mọ jẹnẹrétọ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ nǹkan olómi ló wà nínú ikùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò lè yàtọ̀.

Ọ̀gá alátùn-únṣe wo abọ́, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lu orí ara rẹ̀. Ó ní irú jẹnẹrétọ̀ òyìnbó báyìí ní nǹkan kan nínú tó ń wádìí ọ́ìlì. Bí kò bá ti kan ọ́ìlì, yóò pa ẹ́ńjìnnì kí ó má baà jóná. Apá ìsàlẹ̀ ni ọ̀pá tí a fi ń wò ó wà, ìdí nìyẹn tí a fi rí i pé ó kún. Nǹkan tó ń wádìí ní tirẹ̀ wà lápá òkè, níbi tó ti gbẹ.

Ẹ̀yin náà á rò pé mo fò sókè. Èmi ni mo kọ́kọ́ jiyàn. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, mo ní gbogbo ìlú la ti ń páàkì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ní ọ̀gá mi fi ogún ọdún páàkì sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ wo wèrè. Wọ́n ń pè mí ní olè, ìyá arúgbó kan na ọwọ́ sí mi láti fà mí jáde, èmi ń gba ọwọ́ rẹ̀ dànù, nítorí tí kò bá jẹ́ pé mo jalè, a jẹ́ pé èmi ni mo gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ. Ọgbọ́n tí mo fi ń yangàn láti ìlú dé ìlú ló pa jẹnẹrétọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó mọ èwo nínú méjèèjì ló sàn fún mi láti jẹ́.

Ìyá Elépo ti ké sí àwọn obìnrin ìsàlẹ̀. Wọ́n kó láfún wọn kúrò lórí àpáta, wọ́n ń kùn, wọ́n ń bú mi lábẹ́lẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo yọ òkúta, mo tú bíréèkì, Ilé Onítáyà yí lọ sísàlẹ̀, mo ju jíà sí i, ó jí. Ọgbọ́n ọ̀gá mi ṣì wúlò títí dé ibẹ̀. Mo gbé e gun àpáta, ó jókòó pẹrẹsẹ. Ó ti yé mi pé bẹntiróòlù inú táǹkì náà ti lè wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi ti inú abọ́, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnnì kankan, mo pe Alága. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó síbi tí ẹ jókòó láàárọ̀."

Ó wọlé, ó jókòó. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ géèjì gbéra láti ìdámẹ́rin, ó ń rọra gòkè, ó dé ìdajì, ó kọjá ìdajì, ó dúró. Mo wo bàbá náà. 

Ó wo abẹ́rẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Epo gálọ́ọ̀nù kan tí a dà sí i yẹn ni."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin òǹkàwé. Gálọ́ọ̀nù kan. Nínú táǹkì tó ń gba epo tí ènìyàn lè fi wẹ̀. Ẹni tó kọ́ni ní ìṣirò!

Dókítà tẹ bọ́tìnnì. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó gbé e, a ka ení, èjì, ẹ̀ta, a kà á dé ogún, kò kú. Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Alága ní kí gbogbo wa dìde kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì gbàdúrà gígùn kan, nínú èyí tó ti bẹ Olúwa pé kó dárí ji gbogbo ẹni tó ṣe àṣìṣe láàárín wa. Mo la ojú kan nígbà tó dé ibẹ̀. Èmi ló ń wò. Nígbà tí a fẹ́ lọ, Dókítà ní tirẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ níbi tó wà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó yára wọ inú ọkọ̀. Kí a tó lọ, Ìyá Elépo ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga àyẹ̀wò. Wọ́n fún un ní awò ojú, wọ́n sì kọ ìwé fún un pé kó wá fún iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. A dé Ìgàngán lẹ́yìn aago márùn-ún.

Mo wa Ilé Onítáyà fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà kí n tó rí iṣẹ́ olùkọ́. Mo ti bá Alága pàdé ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ láti ìgbà náà, ní ìsìnkú, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjà Lánlátẹ̀. Gbogbo ìgbà ló ń fi tẹ̀ríntẹ̀rín kí mi pé, "Dírẹ́bà wa." Mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìkíni náà, bóyá gbólóhùn kan á tẹ̀ lé e. Kò tíì tẹ̀ lé e. Ó ti darúgbó gan-an báyìí, ọ̀pá ló fi ń rìn, inú sì ń bí mi pé ó lè lọ láìsọ ọ́. Títí di òní, tí mo bá gbé ọkọ̀ ara mi dúró, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ wo ilẹ̀ kí n tó pa iná rẹ̀, ìyàwó mi sì máa ń bi mí bóyá mo fẹ́ ra ilẹ̀ náà ni.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Elépo la ti ń ra epo tí a fi ń sebẹ̀. Ojú rẹ̀ méjèèjì dá ṣáká. Láti ọdún tí mo ti ń lọ síbẹ̀, mo ti gbèrò lọ́pọ̀ ìgbà pé lónìí ni n óò sọ ọ́, pé màmá, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín lójú àwùjọ. Mo ti tún un ṣe lọ́nà, mo ti fi ẹnu tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò mi, kí n tó la ẹnu, yóò ti na ìka sí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, yóò ní, "Ọkọ mi, epo pupa là ń wọ̀n níbí o, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Lọ jókòó."

Mo máa ń lọ jókòó.